Iná Tó Wọlẹ̀ Lábàtà

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kejì
Ohun tó ti bàjẹ́, àti ẹni tó mọ̀. A dáná sun koríko àjèjì lápá òkè àbàtà lọ́sẹ̀ tó kọjá – koríko tó ti lé gbogbo ohun tó tọ́ sí igbó àbò yìí lọ. Iná kú lójú. Èéfín ṣì ń yọ. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ mọ̀. Ó yẹ kí omi ti padà sórí ilẹ̀ yẹn ká tó ṣáná sí i. Ilẹ̀kùn omi, èyí tí a fi ń sé omi kúrò lórí àbàtà, ṣì wà ní títì. Ọ̀gá mọ̀. Èmi náà mọ̀: bí a bá ṣí i, àwọn igi wẹ́wẹ́ tí mo ṣètò sápá ìsàlẹ̀ á rì, iṣẹ́ ọdún méjì á bómi lọ. Àbúrò mi tó darí iná sísun náà mọ̀ pé ilẹ̀ ti gbẹ jù. Ó ní kò séwu. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ o. Ewé àti gbòǹgbò tó jẹrà léra wọn ni. Bó bá gbẹ, igi ìdáná ni.

Àwọn onígbọ̀wọ́ tó ń náwó sí iṣẹ́ yìí ń kó ọmọ ilé ìwé bọ̀ wá gbin igi ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́.

Ìṣẹ́gun, 3
Èéfín tún yọ. Ọ̀gá ní ìkùukùu ni. Ìkùukùu wo ló ń rùn bí igi jíjó?

Ọjọ́bọ̀, 5
Ìpàdé. Ọ̀gá ní, "Ó máa dára, ó máa dára." Ohun tí mò ń pè é nínú ọkàn mi nìyẹn báyìí: Ó-Máa-Dára.

Àárọ̀ la máa ń yẹ ilẹ̀ wò. Gbogbo wa á tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, a ó máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀ bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Tutù, tutù, tutù – ó parí. Lónìí mo dá padà lọ lọ́sàn-án gangan. Mo fọwọ́ kàn án. Kíá ni mo fà á padà.

Ìrì la ti ń fọwọ́ kàn látọjọ́ yìí, kì í ṣe ilẹ̀.



Àìkú, 8
Àbúrò mi wá jẹun. Mo sọ fún un. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù yín ti kàwé jù yín lọ. Ilẹ̀ tí oòrùn pa lọ́sàn-án, ṣé kò ní gbóná ni?" Mo ní kó má rìn níbẹ̀ mọ́. Ó ní ta ló fẹ́ bá òun rìn ín, ṣé èmi tí bàtà mi ò mọ ẹrẹ̀ rí? Mo rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́gun, 10
Igi ńlá kan wó lápá òkè. Kò sí afẹ́fẹ́ rárá. Ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mo wo ìdí rẹ̀: kò sí gbòǹgbò. Eérú àti ihò ni. Ihò náà pọ́n nísàlẹ̀, ó ń mí bí ẹnu ààrò. Iná náà sì ti kọjá ibi tí a sun – ó ń bọ̀ lápá ìsàlẹ̀, síbi tí àwọn ọmọ máa dúró sí.

Mo fi fọ́tò han Ó-Máa-Dára. Ó ní fọ́tò máa ń sọ nǹkan di ńlá.

Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé okòwò pé ewu ṣeé wọ̀n, ó ṣeé pín, ó ṣeé gbé fún ẹlòmíì. Kí n gbé èyí fún ta?

Ọjọ́rú, 11
Àbúrò mi. Ó fẹ́ fi hàn mí pé ilẹ̀ le. Ó fò sókè lórí ẹ̀, "Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n –" Ilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mì dé orúnkún. Bẹ́líìtì rẹ̀ ni mo fi fà á. Bàtà kù síbẹ̀. Mi ò ní kọ bí ẹsẹ̀ náà ṣe rí. Nọ́ọ̀sì ní àwọn ò tíì mọ̀ bóyá àwọn á lè dá àwọn ìka rẹ̀ sí. Láti ìgbà náà, kò tíì ṣẹ̀fẹ̀ kankan.

Màmá pe. Mo ní ó ń sùn.

Ọjọ́bọ̀, 12
Ọ̀gá gbé ọsàn wá sí ọsibítù. Ó ní ìjàǹbá lásán ni. Òun á fi okùn pààlà, àwọn ọmọ á sì gba ọ̀nà ìsàlẹ̀. Okùn! Iná ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, okùn ló fẹ́ fi dá a dúró. Bàtà kéékèèké ni mò ń rí lójú mi ṣáá.

Mo lọ wo àwọn igi wẹ́wẹ́ mi. Wọ́n ti yọ ewé tuntun. Wọ́n máa rì. Kí wọ́n rì.

Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Ọ̀gá, báyìí gẹ́lẹ́: Ẹ ṣí ilẹ̀kùn omi, kí omi bo àbàtà tòkè tìsàlẹ̀. Ẹ fagi lé ìbẹ̀wò Àbámẹ́ta. Mi ò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Bó bá di aago méjì ọ̀sán ọ̀la tí omi ò tíì dé orí ilẹ̀ yẹn, màá pe panapaná, màá pe àwọn ọ̀gá ilé ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi fúnra mi á sì fi àáké ṣí ilẹ̀kùn náà. Aago méjì, sà. Ọ̀la.