Omi tí mo fi ṣan ìgò Bísọ́lá

Rumuodara, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Bísọ́lá ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. N kò mọ̀wé.

Ní yunifásítì, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí kẹ́míkà nínú ìgò. Àwọ̀ á yọ, á sì parẹ́ kí a tó ṣẹ́jú. Ìparẹ́ yẹn ló ń wọ̀n, kó lè mọ bí kẹ́míkà náà ṣe ń yára pàdánù púrótọ́ọ̀nù rẹ̀, ègé tíntín kan tí ojú kò lè rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ìparẹ́ náà ti ń yára jù. Ọ̀gá rẹ̀ ní bí kò bá rí ìdí rẹ̀, kò ní gboyè lọ́dún yìí.

Ó máa ń gbé ìgò rẹ̀ wálé kí ẹlòmíràn má baà lò ó. Lónìí ló bá mi nídìí ẹ̀rọ omi, tí mò ń ṣan wọ́n, bí mo ṣe ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí.

“Ah-ah, Màmá! Na you dey wash am?”

“Ṣé kí n máa wo eruku ni?”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní omi tó ṣẹ́ kù nínú ìgò ló ń já púrótọ́ọ̀nù gbà.

Mo rò pé yóò… Kò bú mi. Mo dúpẹ́ pé ọwọ́ mi ló ṣì í ṣe, kì í ṣe ọpọlọ rẹ̀.

Bísọ́lá, sọ fún ọ̀gá rẹ lọ́la pé èmi ni. Lẹ́yìn náà, sọ fún ìyá rẹ, kó ṣínu ààwẹ̀ tó ń gbà lórí ọ̀rọ̀ yìí.