Bí Sylvester Ṣe Ta Àáró Wa

                                        Ojúlé Kẹrìndínlógún,
                                        Òpópónà Akínṣowọ́n,
                                        Yábà, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Ọ̀wàrà, 1994.

Ọmọ́níkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Àkúrẹ́? Bàbá Ayọ̀miídé ńkọ́? Ayọ̀miídé fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti yọ? Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ tún ń dun Màmá. Ọlọ́run yóò bá wa wò wọ́n sàn. O sì kú iṣẹ́ olùkọ́ o. Ara tèmi le, àmọ́ láti ọjọ́ Ajé ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ìríra Sylvester ló fà á.

Bẹ́ẹ̀ ni, Sylvester tá a jọ ṣe àgùnbánirọ̀, tó máa ń wá jẹ ẹ̀bà nílé mi ní gbogbo Sátidé!

O rántí bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ Àáró, pírógíráàmù wa. Ó ti sú wa pé gbogbo ẹni tó ń kọ pírógíráàmù ló ń ṣe làálàá kan náà tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ya gíráàfù. La bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo wọn, a kó o sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, a ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí ẹnikẹ́ni lè yí àwọ̀, ìlà àti lẹ́tà rẹ̀ padà bó ṣe wù ú. Òfin kan ṣoṣo la ṣe: ẹni tó bá mú un, kó dá àtúnṣe tirẹ̀ padà fún àwa yòókù, bí àwọn baba wa ní Ìjẹ̀ṣà ṣe ń fi àáró bára wọn ro oko. Èmi kọ gíráàfù onígi, ìwọ kọ èyí tó rí roboto. Sylvester ò kọ nǹkan kan. Ó kàn ń gbé dísíkẹ́ẹ̀tì lọ ni, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá mi ní Ìlúpéjú, Alàgbà Ọlánípẹ̀kun, pè wá pé ẹnì kan fẹ́ wá fi pírógíráàmù tuntun hàn wá. Ta ló wọlé? Sylvester, pẹ̀lú táì pupa lọ́rùn! Ó kí mi ní "madam," bíi pé a ò mọra rí. Wọ́n ní ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Ìlúpéjú ni o, níwájú mi gan-an. Ó tan kọ̀ǹpútà, Àáró wa ló gbé jáde, àmọ́ orúkọ wa tó máa ń kọ́kọ́ jáde ti pòórá. Tirẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Àmọ́ ọ̀lẹ ni, kò ka iṣẹ́ náà dópin. Ó gbàgbé láti fún gíráàfù ní àkọlé, ni gbólóhùn tó o kọ sínú Àáró láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí èmi náà máa ń gbàgbé bá yọ gàdàgbà lókè: "Ẹni tó bí mi ò tíì sọ mí lórúkọ." Mo ní àṣírí ti tú! Ọ̀gá bi í pé kí nìyẹn. Ojú ò tì í: ó ní òun fi ṣe ẹ̀ṣọ́ fún àwọn oníbàárà Yorùbá ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n rà á. Ọ̀gá wá ní kí n jókòó kí Sylvester kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Èmi! Mo ní kó ṣí inú rẹ̀ kí n yí àwọ̀ kan padà. Ó ní òun ti tì í pa, pé ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ mìíràn á wá rà á lọ́wọ́ òun. Tùú!

Nígbà tó lọ tán, mo fi dísíkẹ́ẹ̀tì wa han ọ̀gá. Ó wò ó, ó ní, "Kòfó, ṣebí ìwọ lo fún un lọ́fẹ̀ẹ́? Kí lo wá ń bínú sí?" Bọ́lárìnwá, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ní kí n ti tèmi náà pa, kí n máa tà á. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo jókòó tì í. Ibi tí mo ti fẹ́ tì í pa ni mo ti kan iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, mo sì rí i pé mo fẹ́ di Sylvester kejì. Ara mi rí mi lára.

Mo ti fi dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá rán awakọ̀ Àkúrẹ́ kan sí ọ láti gáréèjì Jíbówú. Dà wọ́n kọ, pín wọn káàkiri. Ẹni tó bá rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní rà á lọ́wọ́ olè. Mo yí gbólóhùn rẹ padà, má bínú. Ẹni tó bá gbàgbé àkọlé báyìí, ohun tí yóò rí ni: "Ọmọ Ọmọ́níkẹ́ àti Kòfowórọlá ni mí. Wọn kì í tà mí."

Bá mi kí Màmá, kí o sì fẹnu ko Ayọ̀miídé lẹ́nu fún mi.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí olè ń kọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀,
                                        Kòfowórọlá.