Ihò Méjì Lára Fìlà Tí Ìyàwó Rẹ Hun fún Mi

                                        Ilé Alájà Kan,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje.

Aṣọ́lé, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà ṣòkòtò péńpé,

Ṣé dáadáa ni o wà? Orúnkún rẹ ń kọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Ìyàwó rẹ ń kọ́, ṣé ikọ́ tó ń dà á láàmú ti lọ tán? Àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ọmọ, àti ajá yín tí kì í fẹ́ rí mi sójú, gbogbo wọn ń kọ́? Ikọ́ yẹn ń kọ mí lóminú. Jọ̀wọ́, kí ó má fojú kékeré wò ó. Ní tèmi, ẹ̀jẹ̀ ríru mi kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ó dúró sójú kan, ìyẹn náà kò sì jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á, inú bí mi, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, mo tún yọ ọ́ jáde kà. O ní kí n jẹ́ kí ọmọ mi ọkùnrin gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé tiẹ̀, kí èmi náà lè sinmi. Mo mọ̀ pé òun ló pè ọ́ lórí fóònù, tó bẹ̀ ọ́ pé kí o bá mi sọ̀rọ̀. Ó ti rò tiẹ̀ fún ọ. Jókòó kí o gbọ́ tèmi, nítorí mo kọ̀.

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́, yàrá iwájú ló ń sùn. Wọ́n ti tò ó ní ọsíbítù, ó ń san, ṣùgbọ́n kò tíì lè dá dìde. Èmi sì máa ń wà ní yàrá ẹ̀yìn lọ́sàn-án, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tún ìwé tó ti já dì. O mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti jẹ etí mi tipẹ́. Bó bá pè mí, n kò lè gbọ́. Ọmọ mi obìnrin wá ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbé ohùn, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀, ó sì ra hẹ́dífóònù tí kò ní wáyà fún èmi. Ohun tí ìyá bá sọ níwájú, etí mi ni yóò ti dún lẹ́yìn.

Ó ṣàlàyé pé ojú kékeré kan wà nínú ibi tó ń bo etí, pé ojú náà ló ń mọ̀ bóyá èèyàn wọ̀ ọ́ tàbí kò wọ̀ ọ́. Bí mo bá bọ́ ọ, á sùn, kí bátìrì má bàa ṣòfò. Bí mo bá gbé e wọ̀, á jí. Mo bi í pé kí ni ojú ń wá nínú etí mi. Ó ní, “Bàbá, kò wá nǹkan kan. Ó kàn ń mọ̀ pé awọ ara wà nítòsí ni.” Mo bi í bóyá bátìrì náà kì í gbóná, bóyá kì í bú gbàmù, bóyá èèyàn kì í tibẹ̀ di dìndìnrìn. Ó ní ṣé kí òun gbé e padà ni. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. O mọ bí yàrá ẹ̀yìn ṣe máa ń tutù. Fìlà òwú tí ìyàwó rẹ hun fún mi ni mo máa ń fà bo etí méjèèjì níbẹ̀. Mo wá rò ó pé bí mo bá gbé hẹ́dífóònù lé orí fìlà, ooru bátìrì kò ní kàn mí lára. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, mo máa ń sọ fún ara mi pé ìyàwó mi ń sùn ni, mo sì tún ń dìde lọ yọjú wò ó lemọ́lemọ́, tí kò fi sí ìdí fún un láti pè mí. Inú mi tiẹ̀ ń dùn, nítorí bátìrì kò lọ sílẹ̀ rárá. Ìgbàkígbà tí ọmọ mi bá wò ó, ó kún. Mo ń fọ́nnu fún un pé èmi mọ ìtọ́jú ẹ̀rọ ju àwọn ọmọ òde òní lọ.

Lọ́jọ́ kan, mo ti fi gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn ìwé ńlá kan, n kò lè fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Ìyàwó mi fẹ́ mu omi. Ó pè mí, pè mí, ó wá nawọ́ sí ife fúnra rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ló wọlé bá a, ó ti yọ̀ dé etí ibùsùn, ó fi ọwọ́ kan di àga mú, omi sì ti dà sí i lára. Ọmọ náà jan ilẹ̀kùn débi pé ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ṣí gbogbo ohun tó wà lórí mi jù sílẹ̀, mo sáré jáde. Orin tí mo ń kọ ṣì wà lẹ́nu mi.

Ọmọ obìnrin náà dé. Ó ní òun ti yẹ ẹ̀rọ wò, kò sí ohun tó ṣe é, pé èmi ni n kò wọ̀ ọ́. Mo ní mo wọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, Aṣọ́lé. Wíwò yẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ lọ. Èyí ọkùnrin wá ní, “Bàbá, ẹ ti ṣe tiyín. Màá gbé mọ́tò wá lọ́jọ́ Sátidé, màá gbé Màmá lọ.” Mo bi í pé ìyàwó ta ni ó fẹ́ gbé.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo fa fìlà bo etí, mo gbé ẹ̀rọ lé e gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo ní kí ìyàwó mi sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wò mí títí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ di ìbàdí nítorí ìrora. Mo bọ́ ẹ̀rọ náà, mo dẹtí sí i lẹ́nu. Ó pariwo pé, “Bàbá wọn, ojú tí ẹ fi aṣọ bò, kí ló fẹ́ rí? Ó rò pé orí tìmùtìmù lẹ gbé òun lé. Oorun ló ń sùn látọjọ́ yìí. Ṣebí ìdí nìyẹn tí bátìrì yín kì í tán.”

Mo ṣí fìlà. Mo gbé e wọ̀ sórí etí lásán. Ó dún pín-ín, iná kékeré kan tàn. Ìyàwó mi kọjú sí ògiri, ó sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Olóríkunkun yìí.” Mo gbọ́ ọ ketekete. Ó ti pẹ́ tí n kò ti gbọ́ ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ariwo ló ti máa ń pa kí n tó gbọ́. Mo ní kó tún un sọ. Ó kọ̀.

Sátidé pé, ọmọ ọkùnrin dé, ó ti to ìrọ̀rí sẹ́yìn mọ́tò. N kò bá a jà. Mo wọ ẹ̀rọ mi, mo lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo pa ilẹ̀kùn dé. Mo gbọ́ tí àga dún bó ṣe jókòó. Ó rọra sọ fún ìyá rẹ̀ pé, “Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Bàbá ò lè tọ́jú yín mọ́. Wọ́n ti darúgbó.” Ìyá rẹ̀ fi èsì sílẹ̀ fún mi.

Mo kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Mo darúgbó, n kò tíì kú. Ìyá ẹ ń wúkọ́ gbígbẹ bó o ṣe ń sọ̀rọ̀, o ò gbọ́. Bu omi fún un.”

Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ omi tó ń dà sínú ife, mo sì gbọ́ tí ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó wo orí mi, ó wo fìlà lórí tábìlì. Òun àti ìrọ̀rí rẹ̀ ló jọ padà sílé.

Nísinsìnyí tí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, bátìrì ń lọ sílẹ̀, èyí sì ti di àníyàn tuntun fún mi. Ìgbà tí mo bá jókòó ti ìyàwó mi láti jẹun ni mo máa ń fi ẹ̀rọ náà sí iná. Otútù náà kò jẹ́ kí etí mi gbádùn. Nítorí náà, mo mú sísọ́ọ̀sì, mo dá ihò méjì sí fìlà náà, ọ̀kan ní etí ọ̀tún, ọ̀kan ní etí òsì. Sọ fún ìyàwó rẹ. N kò bẹ̀bẹ̀. Bó bá máa hun òmíràn, kó fi ojú etí sílẹ̀.

Bí ọmọ mi bá sì tún pè ọ́, sọ fún un pé o ti bá mi sọ̀rọ̀, pé mo gbọ́. Má tún kọ̀wé sí mi pé kí n sinmi.

Bá mi kí gbogbo ilé, àti ajá náà. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìyàwó mi ń sun oorun ọ̀sán níwájú, ó ń hanrun díẹ̀díẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni yóò máa wà.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì yí padà,
                                        Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.