Bí Mo Ṣe Fá Irùngbọ̀n Panápaná Nígbà Tí Fèrè Ń Ké

                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀,
                                        Ilé Kejì sí Ìgun,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Kíá, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà ìkọ́ṣẹ́,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n á ti ga débi tí ọwọ́ wọn á máa tó kílípà, kí o yáa gbé e sókè. Bàbá tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ilé dúró, òrùlé sì wà lórí rẹ̀, àfi igun kan tí a fi tapólì bò. Ìyàwó mi ń lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ lójoojúmọ́. Oorun kì í tó o, àmọ́ ara rẹ̀ le. Ìyá rẹ̀ náà ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. O mọ̀ wọ́n. Ara tiwọn le ju tiwa lọ.

O béèrè nínú lẹ́tà rẹ bóyá iṣẹ́ ṣì ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi, irun ò gbọ́ pé ogun ń jà, ó ń hù lọ ràì ni. A ti kan pákó mọ́ fèrèsé. Dígí ńlá tí o fẹ́ràn yẹn, mo ti lẹ bébà mọ́ ọn síwá sẹ́yìn kó má baà fọ́ sí ènìyàn lára bí bọ́ǹbù bá dún. Oníbàárà tó bá jókòó síwájú rẹ̀ báyìí, ojú kan ló máa rí lókè, ìlàjì ètè ló máa rí nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í mọ ohun tí mo fi orí wọn ṣe títí wọ́n á fi délé. Bébà yẹn ti kó mi yọ nínú ìjà tó pọ̀. Bí fèrè ìkìlọ̀ bá ké, gbogbo wa á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, tòun ti aṣọ lọ́rùn. Tíṣà ìṣirò kan bá wa sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ti gẹ ẹ̀gbẹ́ kan, ìkejì ṣì kún. Nígbà tí a fi máa jáde, àkókò iṣẹ́ rẹ̀ ti tó, ló bá gbé orí náà lọ sí kíláàsì. Ó ní àwọn ọmọ ò tíì tẹjú mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti ń kọ́ wọn.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ gbọ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọjọ́ tí bọ́ǹbù já sí àdúgbò ẹ̀yìn wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ìgbà tí fèrè bá ké nìkan ni. Nígbà tó yá, bí kẹ́tùlù bá hó, á gbọ̀n. Ọwọ́ ọ̀tún sì ni o, ọwọ́ tí mo fi ń di abẹ mú. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ta ló máa na ọ̀fun sílẹ̀ fún onígbàjámọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń jó? Mo bá fi abẹ pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, mo ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ó ti lọ fún pípọ́n. Kílípà nìkan ni mo ń lò. Wọ́n gbà mí gbọ́, àmọ́ èmi mọ̀ pé bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù máa di títì, n ó sì di ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń bọ́ tó tún ń fọ abọ́ fún un. Ó dùn mí gan-an. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀.

Màmá ìyàwó mi wá ń dá kún un. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n ń hun súwẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wọ́n. Wọn kì í sọ̀ kalẹ̀ bí fèrè bá ké. Wọ́n ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ń rùn, àti pé àwọn ò ní dìde lórí àga àwọn nítorí àwọn ọmọ inú bàálù tí kò kí ènìyàn kí wọ́n tó máa ju nǹkan. Bí bàálù bá ń kọjá, wọ́n á na abẹ́rẹ́ ìhunṣọ sókè, wọ́n á máa bú u: ariwo rẹ̀, ìyá tó bí i, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé Màmá láyà. Èmi tí mo tóbi tó yìí sì rèé, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀. Aré ni wọ́n sọ mí. “Aré, o ti gòkè dé?” Bí wọ́n ṣe ń kí mi nìyẹn bí ewu bá kọjá.

Bẹ́ẹ̀ ni panápaná kan ṣe wọlé ní Ọjọ́bọ̀. Ọkùnrin náà ga, ó fẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ sì le bíi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀. Ó ní onígbàjámọ̀ àwọn ti sá kúrò nílùú, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ìbòjú tuntun dé fún àwọn, èyí tí wọ́n fi ń wọ inú èéfín. Ìbòjú náà gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ ara pẹ́pẹ́. Bí irùngbọ̀n bá wà níbẹ̀, èéfín á gba àárín rẹ̀ wọlé. Ọ̀gá wọn sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá ní irùngbọ̀n ò gbọdọ̀ wọ inú iná. Ó ní òun ò lè dúró níta máa wo rọ́bà omi nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òun wà nínú ilé tó ń jó. Kí n fá a kó dán.

Mo lanu, mo ní abẹ ti lọ fún pípọ́n. N kò tíì pa ẹnu dé tí Màmá fi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, láìgbójú sókè: “Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, lábẹ́ táwẹ̀lì.”

Mo fi ọṣẹ pa ọkùnrin yìí lójú títí ó fi béèrè bóyá aṣọ ni mo ń fọ̀. Mo gbé abẹ. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ ijó rẹ̀. Bí mo ṣe fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, Ọlọ́run nìkan ló yé. Àfi bí fèrè ṣe ké! Kíá, ẹsẹ̀ mi ti dé orí àtẹ̀gùn kí ọkàn mi tó mọ̀. Panápaná kò mira. Ó ní bí fèrè bá ti ké, òun gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì kí ọkọ̀ àwọn tó jáde, òun ò sì lè gbé ìlàjì irùngbọ̀n lọ. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí ẹ̀.”

Mo padà, mo na ọwọ́ náà sí i lójú kó lè rí i, tòun ti abẹ. Ó wò ó dáadáa. Ó ní, “Bí ẹsẹ̀ tèmi náà ṣe máa ń ṣe lórí àkàsọ̀ nìyẹn.” Mo ní kí ló wá máa ń ṣe sí i. Ó ní òun á di àkàsọ̀ mú, òun á dúró. Gbígbọ̀n náà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀, àárín yẹn ni òun máa ń gun ìgbésẹ̀ kan.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo gbé ọwọ́ lé e lágbọ̀n, mo dúró. Ọwọ́ rọlẹ̀, mo fá a lẹ́ẹ̀kan, mo gbé abẹ kúrò. Bọ́ǹbù dún lókèèrè, mo tún dúró. Màmá dìde, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ìgbọ̀nwọ́ mi mú bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń bá mi wí: gbé e sókè, rọra, má gé etí rẹ̀, ó ṣì ń lò ó. Ọkùnrin náà di àga mú títí ó fi ń dún. Mo bi í bóyá bọ́ǹbù ló ń bà á lẹ́rù. Ó ní bọ́ǹbù ṣì jìnnà, abẹ ló wà nítòsí. Mo gé e díẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, mo ya ìwé ìròyìn lẹ̀ mọ́ ọn, ló bá fò jáde. Ó gbàgbé aṣọ funfun lọ́rùn, aṣọ náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ lójú títì bíi ti ìyàwó tó ń sá fún ọkọ.

Ọkàn mi ò balẹ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo rí i lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ dúdú fún èédú, àmọ́ ibi tí ìbòjú wà mọ́ tónítóní. Ó ní èéfín ò wọlé rárá. Ó dá aṣọ mi padà, ó sì kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ onírùngbọ̀n lẹ́yìn. Mo fá gbogbo wọn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo ń fá wọn nígbà tó bá rọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ láìní ìwé ìròyìn lágbọ̀n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá oníbàárà mi mọ̀ báyìí.

Lánàá, ṣọ́ọ̀bù dá. Màmá wá jókòó sórí àga oníbàárà, wọ́n ṣí ìborí, wọ́n ní eruku bọ́ǹbù ti kún orí àwọn, kò sì sí omi tí àwọn fẹ́ fi fọ̀ ọ́, kí n fá a kodoro. Kì í ṣe kílípà o, abẹ. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ti fá iwájú nígbà tí fèrè ké. Mo gbé ọwọ́ lé wọn lórí, mo ń retí kí gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró. Kò dáwọ́ dúró. Mo gbé ọwọ́ kúrò láti wò ó. Ọwọ́ mi dúró jẹ́ẹ́. Orí Màmá ló ń gbọ̀n, àti ọrùn wọn, àti orúnkún wọn.

Mo ní, “Màmá.”

Wọ́n ní, “Má wò mí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Bí fèrè bá ti ké, ẹsẹ̀ mi kì í gbé mi mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ àtẹ̀gùn yẹn kalẹ̀? Ni mo bá ń bú wọn.”

Mo ní kí n gbé wọn lọ. Wọ́n ní láéláé, àwọn ò ní gbé ìlàjì orí lọ bá àwọn aládùúgbò. Torí náà, a dúró. Ọwọ́ tèmi náà tún bẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ kí tiwọn àti tèmi tó jọ rọlẹ̀ pọ̀. Bó bá ti rọlẹ̀, mo fá a. Nígbà tí orí ti mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo pọ̀n wọ́n, mo sì gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mo dé ìsàlẹ̀ gbẹ̀yìn lọ́jọ́ náà. Wọ́n bú mi dé ibi tí àtẹ̀gùn parí sí, pé egungun ẹ̀yìn mi le jù, wọ́n sì dì mọ́ mi lọ́rùn débi tí mi ò fi lè mí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi fa àwọn ọmọ létí. Ìyàwó mi ní kí wọ́n máa fi omi gbígbóná sí ẹ̀yìn náà. Màmá ń kí ọ, wọ́n ní kí o fi orí rẹ ránṣẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ náà ni, tí kò yí padà,
Rọra-Rọra.