Òjá Màmá Tí Mo Gé

Ọjọ́ Ẹtì, Agbowó.

Ètè mi ṣì wú. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí ọrùn ẹ̀wù mi, mi ò sì tíì bọ́ ọ.

Nítorí òjá! Òjá aláró tí Màmá fi pọ̀n wá, tí wọ́n ní kí n bá Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n mi, tọ́jú. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa bèèrè rẹ̀ mọ́. Mo gé e sí méjì, mo fi ìdajì rán búláòsì péńpé, mo sì gbé fídíò rẹ̀ sórí ìkànnì mi láàárọ̀. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé mo mọ aṣọ wọ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, Àǹtí Bísí ti dé láti Àpáta. Ìgbátí ni wọ́n fi kí mi. Wọ́n fà mí nírun, wọ́n gbá orí mi mọ́ ògiri, wọ́n ta iná tí mo fi ń ya fídíò nípàá, ó fọ́ túútúú. Èmi náà ò gbà. Mo gé wọn jẹ lápá títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde.

"Òjá ọmọ mi lo gé!"

Mo ní, "Ta lẹ fẹ́ fi pọ̀n?"

Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti ń wá ọmọ. Mo mọ̀ kí n tó lanu.

Wọ́n fi mí sílẹ̀. Wọ́n mú ìdajì òjá tó kù lórí máṣíìnì, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́yìn. Kò ká àyà wọn. Wọ́n fi ọwọ́ kan di etí rẹ̀ mú, wọ́n fi ìkejì gbé ìdí ọmọ tí kò sí níbẹ̀, wọ́n sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ jí.