Ohùn Méje Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Yúróòpù

Rolla, Sharjah,
Ọjọ́ Sátidé.

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú tí iyanrìn ti pọ̀ ju koríko lọ. Mo gbà á ládùúrà pé orúnkún tó ń dùn yín ti ń jẹ́ kí ẹ sùn, pé ara Màámi le, àti pé àwọn firíìjì tí ẹ ń tún ṣe ní Ṣàgámù ń gbọ́rọ̀ sí yín lẹ́nu ju èmi ọmọ yín lọ. Ara tèmi le. Ara Àǹtí Bùnmí náà le, ṣùgbọ́n ọkàn wa ò balẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí kí ẹ tó máa kà á lọ.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbọ́ voice note mi, ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n lé mi níléèwé, nígbà tí mo fi ohùn Pírínsípà kéde ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta nínú máíkì tí gbogbo kíláàsì sì tú jáde, ẹ ní, “Asiat, láti òní lọ, ohun tí o bá fẹ́ bá mi sọ, kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ẹ ni mo ṣì gbà gbọ́, mi ò gba ẹnu ẹ gbọ́ mọ́.” Mo sì búra fún yín pé mi ò ní fi ohùn ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́ láyé mi. Bàbá, mo ti yẹ ìbúra náà. Mo ní kí Àǹtí bá mi sọ ọ́ fún yín lórí fóònù, wọ́n ní kì í ṣe ẹnu àwọn ni ẹ ti máa gbọ́ ọ.

Ẹ mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Jumeirah Village Circle, ní Dubai, ni Àǹtí ń bá ṣiṣẹ́. Ohùn ni ilé-iṣẹ́ yẹn ń kó jọ. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá á ka igba gbólóhùn sínú fóònù, wọ́n á kó o ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Yúróòpù tó ń kọ́ AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, ní èdè wa. Àǹtí ló ń bójú tó ti Yorùbá. Ogún èèyàn ni ọ̀gá wọn ní kí wọ́n kó wá kí oṣù tó parí. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mẹ́tàlá péré ló tíì kà á, ibà sì dá Àǹtí dùbúlẹ̀. Wọn ò lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí.

Ní òkè flat wa, àwọn ọkùnrin Nàìjíríà mẹ́jọ ló ń gbé inú yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ tí wọ́n ń háyà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní bedspace, sikiọ́ríìtì ni púpọ̀ nínú wọn. Bá-mi-ṣe-é ni gbogbo wa fi ń gbé nílé yìí. Bí ẹnì kan bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹlòmíì á gba ẹrù ẹ̀, á bá a fọwọ́ sí i, á bá a dáhùn bí wọ́n bá pe orúkọ. Ìgbà tí mo gòkè lọ bẹ̀ wọ́n, Bọ̀ọ̀dá Àmúsà yán títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Igba gbólóhùn? Lẹ́yìn wákàtí méjìlá lórí ìdúró? Habibi, ìwọ náà mọ ohùn mi ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Bá mi kà á jàre.” Bọ̀ọ̀dá Olúṣẹ̀san ju káàdì ìdánimọ̀ wọn, Emirates ID, sí mi: “Gba, yalla, yára, fi orúkọ mi sí i. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n kólòlò jù o!” Kí n tó sọ̀kalẹ̀, ID èèyàn méje ti wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá, mo wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì borí, mo sì ka igba gbólóhùn lọ́nà méje. Mo ṣe ohùn Bọ̀ọ̀dá Àmúsà tó máa ń dún bí ẹni tó gbé sìmẹ́ńtì lórí. Mo ṣe ti Bọ̀ọ̀dá Olúṣẹ̀san, mo sì dín ìkólòlò wọn kù bí wọ́n ṣe bẹ̀ mí. Inú kọ̀ǹpútà Àǹtí ni mo ti fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, tí mo sì bá àwọn méjèèje fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Àǹtí ò mọ nǹkan kan. Mo kàn ní, “Ẹ sinmi, mo ti bá yín pè wọ́n, wọ́n ti kà á.” Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n gbàdúrà fún mi títí oorun fi gbé wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí síbẹ̀. Àfi bí Bọ̀ọ̀dá Àmúsà ṣe lọ gẹrun, tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀ pé àwọn olè ń fi AI ṣe ohùn èèyàn. Jìnnìjìnnì bá wọn. “Ìyàwó mi ní Ìlọrin lè gbọ́ ohùn mi pé kó ta ilẹ̀!” Ẹsẹ̀ fọ́ọ̀mù tí mo bá wọn kún sọ pé ẹnikẹ́ni lè ní kí wọ́n pa ohùn òun rẹ́ nígbàkúùgbà. Ni wọ́n bá kọ̀wé. Ọkùnrin tí kò ka gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n pa ohùn òun rẹ́!

Madam Shalini, obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfin níbi iṣẹ́ Àǹtí, pe Bọ̀ọ̀dá Àmúsà kí ó lè dá a lójú pé àwọn gan-an ló kọ̀wé. Ó gbọ́ ohùn wọn, ó fi èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà wé e, méjèèjì ò jọra. Ó wá yẹ ohùn ogún náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ní ọ̀fun kan ṣoṣo ni méje ti jáde.

Mo ti rò pé òfin Yúróòpù ò lè rí wa ní Sharjah. Irọ́ ni. Madam ní ẹni tó bá ń tajà fún wọn lọ́hùn-ún, òfin wọn á tẹ̀ lé ọjà náà padà dé ilé ẹ̀. Wọ́n máa bi í pé ohùn ta nìyí, ṣé ẹni tó ni ohùn náà fúnra ẹ̀ ló gbà, ṣé ohun tó gbà sì yé e. Ìjọba ibí náà ní òfin tiwọn lórí ohun tó jẹ́ ti èèyàn, irú bíi nọ́ńbà ID. Nítorí náà, ohun tí à ń pè ní bá-mi-ṣe-é lókè ilé wa, èrú ni lórí ìwé.

Mo ti dìde lórí àga yìí lẹ́ẹ̀marùn-ún báyìí. Mo lọ sí bákónì, mo wo àwọn bọ́ọ̀sì, mo padà wá. Ohun tí mi ò fẹ́ kọ ló kàn. Orúkọ Àǹtí ló wà lórí iṣẹ́ náà. Ọ̀gá wọn ní Àǹtí ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí iye náà lè pé, àti pé tó bá di ọjọ́ Jímọ̀ òun máa fagi lé visa wọn. Mo jẹ́wọ́ fún Àǹtí. Wọn ò lù mí, Bàbá. Wọn ò tiẹ̀ pariwo. Wọ́n kàn ní, “Asiat, àdúrà tí mo gbà fún ẹ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?”

Ni mo bá wọ bọ́ọ̀sì ní Rolla, mo wọ metro, mo wọ takisí, mo dá lọ bá wọn lọ́fíìsì pé èmi ni mo ṣe é. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: “Ọmọ kékeré yìí? Ẹ̀gbọ́n ẹ ló rán ẹ wá.” Mi ò bá a jiyàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbólóhùn kan ṣoṣo, “Òjò máa rọ̀ lọ́la,” lọ́nà méje. Nígbà tí mo dé ìkẹrin, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu ẹ̀. Bàbá, ahọ́n ń yún mi láti fi tiẹ̀ ṣe ìkẹjọ. Mo gé e jẹ.

Madam ní bí ọ̀rọ̀ mi bá wà nínú ìwé tí àwọn máa kọ sí Yúróòpù, á hàn pé Àǹtí ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Àwọn ò lè lo ọ̀rọ̀ mi àti ohùn mi láìjẹ́ pé bàbá mi gbà. Ó máa pè yín ní Ọjọ́bọ̀, agogo mọ́kànlá àárọ̀ yín, láti béèrè.

Nígbà tí àwọn ará òkè ilé gbọ́, Bọ̀ọ̀dá Olúṣẹ̀san ní, “Kí ló wá le níbẹ̀? Fún wọn ní nọ́ńbà mi, kí o fi ohùn bàbá ẹ dáhùn. Khalas, ó tán!” Mo mú fóònù náà dání. Mo mọ ohùn yín, Bàbá. Mo mọ bí ẹ ṣe máa ń húkọ́ díẹ̀ kí ẹ tó ní “hẹ̀ẹ́n.” Mo la ẹnu, ohùn yín ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Nọ́ńbà yín gan-an ni mo fún Madam.

Mo mọ̀ pé ẹ kì í gbé nọ́ńbà tí ẹ ò bá mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ti Ọjọ́bọ̀. Bí inú bá ń bí yín sí mi, ẹ bínú sínú fóònù náà kí wọ́n gbọ́. Ohùn yín ni wọ́n ń retí.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kó ṣí iṣẹ́ fún yín, kó má sì jẹ́ kí ẹ tìtorí wa sunkún. Ẹ bá mi kí Màámi.

Èmi ni àbígbẹ̀yìn yín tó ń yọ yín lẹ́nu,
Asiat.

Mo tún rántí: Màmá Ọlábámijí tó wá rajà ní Deira ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, ọ̀la ni wọ́n máa wọ bàálù. Nọ́ńbà tó máa pè yín máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +971. Madam ní kí n rí i dájú pé mo sọ fún yín pé ẹ lè kọ̀, kò sẹ́ni tó máa fipá mú yín, àti pé kí n bi yín bóyá gbogbo ẹ̀ yé yín. Ṣé ó yé yín, Bàbá?