Àwọn Àlejò Jẹ Ẹ̀rí Wa Tán

                                        Ẹ̀ka Ìmọ̀ Kòkòrò,
                                        Ọ̀nà Nyendo,
                                        Masaka, Uganda.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Nabbosa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Orúnkún ọkọ yín ńkọ́, ṣé òtútù Kabale jẹ́ kó sinmi? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le. Ọkàn nìkan ló ń ṣe mí bákan, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń fi ìwé àdéhùn ọlọ́dọọdún ṣiṣẹ́ níbí. Àwọn nsenene, tata tí ń bo ojú ọ̀run nígbà èwe wa, ń tán lọ. La bá tọrọ owó lọ́wọ́ àjọ kan ní Kampala, pé kí wọ́n dá ipò aṣèwádìí pàtàkì kan sílẹ̀, kí ẹnì kan máa wá bí wọn ò ṣe ní run. Kí a má fọ̀rọ̀ gùn, èmi ni ẹnì kan ọ̀hún.

Àjọ yìí ní àwọn ń bọ̀ wá fojú rí i. Ẹ̀rí wa kò ju àgò méjì lọ: nsenene tí mo fọwọ́ ara mi sìn, tí wọ́n ti ń yé ẹyin nínú ilé, ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí ṣe ládùúgbò wa.

Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ àwọn àlejò rì sínú ẹrẹ̀, mo sáré lọ pàdé wọn. Bí a ṣe wọlé báyìí, òórùn àlùbọ́sà gbà mí nímú. Nsenene dídín, nínú oṣù Kẹsàn-án tí àsìkò wọn ò tíì tó? Mo yọjú wo àgò méjèèjì: wọ́n ṣófo.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Lubwama, ọ̀gá wa, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Nakitende, panu mọ́. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní Masaka ò mọ àlejò ṣe ni? Ẹni tó bá yó ló ń fọwọ́ síwèé."

Wọ́n yó lóòótọ́. Olórí wọn ń lá ìka. "Nnyabo, ìyáàfin, ẹ ní wọ́n ń run. Àwo kejì mi rèé o!"

Mo ní, "Ssebo, ọ̀gá, èyí tó wà lẹ́nu yín yẹn ì bá yé ẹyin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an bá wọn rín in. Màmá Perepetuwa, ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìdílé tí ń jẹ́ Nsenene ni wọ́n, tata yìí ni èèwọ̀ wọn. Matooke, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè lásán, ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n rọra bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni?" Mo fi àgò òfìfo hàn wọ́n.

Èsì dé lánàá. Mo gbọ́ pé Màmá yìí jà fún wa títí ohùn wọn fi há. Àjọ náà fún wa lówó! Wọ́n dá ipò náà sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ mi sí i. Àmọ́ wọ́n ní, níwọ̀n ìgbà tí àwọn ti fẹnu ara wọn jẹ́rìí pé nsenene ṣì pọ̀, kí n máa ṣèwádìí bí a ó ṣe máa dín in tà sókè òkun. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti pa ewúrẹ́.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo sunkún díẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Màmá Perepetuwa ní tí nsenene bá dé lóṣù tó ń bọ̀, kí n gbé àgò tuntun wá sí ẹ̀yìnkùlé àwọn, kí n máa sìn wọ́n níbẹ̀, kí Ọ̀jọ̀gbọ́n má sì gbọ́.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti gbogbo ilé. Bí ará ibẹ̀ kan bá béèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí, ẹ ní ìwádìí ni. Ẹ má sọ ìyókù.

Èmi ni, àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Nakitende.